Ojú Abẹ́rẹ́

Ọjọ́ kẹta nìyí tí ọtí ò ti kan ẹnu mi.
Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí ewé kókò létí Odò Ògùn.
Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, òwú dúdú lọ́wọ́ òsì,
àwọn méjèèjì kọ̀, wọn ò fẹ́ ríra.
Mo lá òwú títí ó fi rin gbindin.
Àríyìíkẹ́, ọmọ ọdún mẹ́jọ, gbà á lọ́wọ́ mi,
ó di ojú kan, ó kì í wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.
Kò bi mí ní nǹkankan.
Ìyẹn gan-an ló dùn mí.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ọ̀fun mi ti ń jí,
ó ń béèrè ohun tó mọ̀.
Mo fún un ní ògì gbígbóná, ó kọ̀ ọ́.
Mo fún un ní tíì, ṣúgà síbí márùn-ún,
ó gbà á bí obìnrin ṣe ń gba owó oúnjẹ tí kò tó.

Láti ilé mi sí ṣọ́ọ̀bù, ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni
bí mo bá gba ẹ̀yìn réluwé ní Láfẹ́nwá.
Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni Ìyá Rẹ̀mílẹ́kún gbé tábìlì sí,
ìgò paraga tò bí ọmọ iléèwé lórí ìlà,
pupa, dúdú, èyí tó rí bí ìtọ̀ ẹṣin.
Obìnrin náà ò ṣẹ̀ mí. Ó mọ orúkọ mi, ó mọ gbèsè mi,
nígbà tí ìyá mi kú, òun ló gbé ìrẹsì wá.
Nítorí náà mo ń gba orí àpáta,
àtẹ̀gùn mọ́kànléláàádọ́rin, mo ti kà wọ́n,
ewúrẹ́ méjì ń wò mí bí àlejò,
páànù tó ti dípẹtà tẹ́ lọ rẹrẹẹrẹ nísàlẹ̀.
Kí n tó dé ṣọ́ọ̀bù, ìdajì wákàtí ti lọ.
Ìdajì wákàtí! Mo ní wọn rẹpẹtẹ báyìí,
n ò mọ ibi tí n ó kó wọn sí.

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ìrọ̀lẹ́ gùn tó báyìí.
Tẹ́lẹ̀, oòrùn á wọ̀, èmi náà á wọ̀,
ilẹ̀ á mọ́, ó tán.
Ní báyìí mo ti mọ̀ pé Mosúnmọ́lá ìyàwó mi ń hanrun díẹ̀,
pé ọmọ ilé kejì ń ka ìṣirò rẹ̀ sókè,
ó ń ṣì í.

Ṣówándé yà wá lọ́jọ́ kẹfà.
"Ṣé o ti di wòlíì ni?"
Mo rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín. Ìjókòó wa le.
Ọdún mẹ́rìnlá la fi mutí pọ̀,
a ò mu omi pọ̀ rí.
Mo bu omi tútù fún un. Ó mu ún tán,
ó wo ìdí ife bíi pé ohun kan ṣẹ́kù níbẹ̀,
ó ní òun ń bọ̀.

Ṣòkòtò Alàgbà Ṣóbọ̀wálé padà wá.
Ẹsẹ̀ kan fi ìka mẹ́ta gùn ju èkejì lọ.
Mo wo ojú ìrán tí mo rán lóṣù kejì,
ó ń ta gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n síhìn-ín sọ́hùn-ún.
Alàgbà ò bínú. Ó kàn ní, "Télọ̀, ṣé ara yá báyìí?"
Ara ò yá. Ṣùgbọ́n mo jókòó, mo mú réésà,
mo ń tú u ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.
Ohun tí mo rán lálẹ́ kan, ọ̀sán méjì ni mo fi tú u.
N ò tíì dé orí ọ̀rọ̀ ìyàwó mi.
Ṣòkòtò ni mo fi bẹ̀rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, nǹkan bí agogo méjì ọ̀sán,
òwú wọlé. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún tí mo gbìyànjú ni.
Kò sí ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀bù,
àfi ọ̀rá piọ́ wọ́tà kan tí afẹ́fẹ́ ń gbé kọjá.
Mo wò ó títí. Mo rọra fà á yọ.
Àríyìíkẹ́ ò ní pẹ́ dé láti iléèwé,
ó ti mọ́ ọn lára kó ju báàgì sílẹ̀,
kó sì na ọwọ́.